Ọjọ́ Tí Mo Gé Okùn Ìdákọ̀ró

Èébì ni mo fi kí òkun ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ẹnu iṣẹ́ mi tuntun. Ọmọ Èpẹ́ ni mí, orí ọ̀sà ni bàbá mi ti ń pẹja kí wọ́n tó bí mi, mo sì ti fọ́nnu fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ní Peckham pé omi kì í ṣe àlejò mi. Ṣùgbọ́n ọ̀sà kì í ṣe òkun. Òkun tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé ní ìgbà òtútù, ńṣe ló ń gbé ènìyàn sókè bí ẹni fẹ́ fi í han Ọlọ́run, tí á tún jù ú sílẹ̀ bí ẹni tó rántí pé òun kọ́ ló ni ín. Mo di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, mo ń bì, ẹni tó gbà mí síṣẹ́ sì dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń mu tíì. Wọ́n ní, "Rísì, tí o bá bì tán, ìjẹ wà nínú báàkẹ́ẹ̀tì yẹn. Gé e wẹ́wẹ́."

Ẹni yẹn ni Bọ̀dá Ẹ̀bùn. Ará Ìlàjẹ ni wọ́n, láti etí òkun gan-an, níbi tí ilé ti ń dúró lórí òpó nínú omi. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi tún bọ́ọ̀sì ṣe ní gàráàjì kan ní London kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń kọ́lé sílé, Bọ̀dá àti àbúrò wọn, Bọ̀dá Tìmí, lọ ra ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi onípákó kan. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìtùnú, wọ́n sì so ó mọ́ èbúté kékeré kan ní gúúsù, ìrìn wákàtí méjì sí Peckham. Wẹ́dà ni Bọ̀dá Tìmí. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi jó irin ìdákọ̀ró tí ọkọ̀ náà ń lò, onírin mẹ́rin tó ká bí èékánná àṣá. Ọdún kan kí n tó débẹ̀ ni Bọ̀dá Tìmí kú. Ẹ̀gbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n.

Ṣọ́ọ̀bù ẹja kan ní Rye Lane ni èmi àti Bọ̀dá ti pàdé. Mo gbé ẹja kan dání, mo ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò, mo sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé ẹja yìí ti kú lẹ́ẹ̀mejì, pé ó kú sínú omi, ó sì tún kú sínú fíríìjì. Ọkùnrin gíga kan tó wà lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí, mo sọ. Wọ́n bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo ní mo ń tún wọ́ọ̀dù ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní Lewisham, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta tó kù ńkọ́? Ìgbà tí mo délé tí mo sọ fún ọkọ mi, ó ní òun ò bẹ̀rù òkun rárá, torí òtútù á ti pa mí kó tó kàn án.

Iṣẹ́ wa ni pé a máa ń gbé àwọn tó fẹ́ràn ẹja pípa lọ sí ibú, a óò bá wọn wá ibi tí ẹja wà, a óò ràn wọ́n lọ́wọ́, a óò sì gbé wọn padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò ju kí a ju okùn sómi kí a máa retí. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ òkun ibẹ̀ tẹ́jú bí pápá, ẹja ńlá kì í sì fẹ́ràn ibi tó tẹ́jú. Àmọ́ ogun àti ìjì ti fi ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn, inú òkú ọkọ̀ wọ̀nyẹn ni ẹja ń gbé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán ọ̀kan lójú ẹ̀rọ tó ń fi ìsàlẹ̀ omi hàn wá, fúláàtì tí a gbé ní North Peckham Estate kí wọ́n tó wó o ni mo rántí, ọ̀nà gígùn tó ṣókùnkùn, yàrá lórí yàrá, o ò mọ ẹni tó máa yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Omi ibẹ̀ kì í sì í dúró. Bíi wákàtí mẹ́fà ló fi ń ṣàn lọ, bíi wákàtí mẹ́fà ló fi ń ṣàn bọ̀, láàárín ìlọ àti àbọ̀ ni àsìkò díẹ̀ wà tí á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àsìkò yẹn là ń wá. A óò ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ lẹ́bàá òkú ọkọ̀, a óò so òjé tó wúwo mọ́ okùn, ìwọ̀ àti ìjẹ lókè rẹ̀, òjé á wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀. Ọgọ́ta mítà. Ènìyàn lè ṣàdúrà kékeré tán kó tó kanlẹ̀. Ìgbà tó bá kàn án, ọ̀pá ìpẹja ọwọ́ rẹ á mí kanlẹ̀, okùn á rọ̀. Bọ̀dá ló kọ́ mi ní èyí tó ṣòro jù níbẹ̀. Wọ́n ní kí n má fi ojú wá ẹja. Wọ́n ní ìka ni kí n fi gbọ́ ọ.

Mi ò tètè gbọ́. Mo gbé òkúta ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo rò pé ẹja ni. Ọjọ́ kan wà tí mo ké sí gbogbo ọkọ̀ pé mo ti mú abàmì, gbogbo wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá wò, mo fa, mo fa, bàtà róbà ẹsẹ̀ òsì ló jáde. Bọ̀dá wò ó dáadáa, wọ́n ní kí n dá a padà, bóyá ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ ṣì ń bọ̀ wá mú un.

Ìgbà òtútù kẹta mi lórí Ìtùnú ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Oníbàárà méjì péré la ní lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ni Mr. Les, bàbá òyìnbó tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, tó máa ń bá wa lọ lọ́dọọdún tí kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ. Ìkejì ni Kúnlé, bábà kan tó ń gẹ̀run ní Peckham, ẹni ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n bí síhìn-ín, tí ìyá rẹ̀ ní kó lọ wá nǹkan gidi ṣe pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Mo kí ìrun àárọ̀ mi ní etí èbúté, Bọ̀dá náà bọ́ bàtà wọn, wọ́n dojú kọ omi, wọ́n gbàdúrà tiwọn. Ilẹ̀ mọ́ bá wa lójú òkun.

N kò rí òkun bẹ́ẹ̀ rí. Afẹ́fẹ́ ò sí. Omi náà dán, ó sì wúwo, bí òróró tó ti dì díẹ̀ nínú ìgò. Oòrùn yọ láì ní ooru, ó funfun bí owó ẹyọ, a sì lè tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú. Ohùn ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń lọ, nígbà tí Bọ̀dá sì pa á lórí òkú ọkọ̀ tí a ń wá, ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e pọ̀ débi pé mo ń gbọ́ tí omi ń kán láti ara okùn.

Bọ̀dá ju ìdákọ̀ró. Ó mú. Àwọn oníbàárà ju òjé wọn, mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú ọ̀bẹ ìjẹ lọ́wọ́, mo ń wo okùn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń wọ inú omi lọ, tí wọn ò tán. Ó ń ṣe mí bíi pé mo wà lójú oorun tó dùn. Ó dà bíi pé mo gbọ́ bàbá mi tí wọ́n ń fi àjẹ̀ gbá omi ní Èpẹ́, tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin láti wá gbé ẹja, tí wọn ò pe tèmi. Mo mọ̀ pé òtútù ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó kúrò.

Kúnlé ló jí mi. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀, ó ní, "Aunty, I think ó ti mú nǹkan o. Ó heavy gan-an." Mo ní kó má sáré, kó jẹ́ kí ẹja náà rò pé òun ló ń pinnu. Ó tó bí ogún ìṣẹ́jú kó tó fà á débi tí a ti lè rí i, ohun kan tó funfun nínú omi dúdú, tó ń yí bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Ẹja kọ́ọ̀dù ni, ẹnu rẹ̀ lè gba orí ọmọ ọwọ́. Mo fi àwọ̀n gbé e wọlé. Kúnlé jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ìhà rẹ̀, ó sì wí fún un pẹ̀lẹ́ pé kó má bínú. Mr. Les ṣí fìlà rẹ̀ fún un. A mú mẹ́rin sí i lẹ́yìn ìyẹn, omi ṣì dákẹ́.

Mi ò rí ìgbà tí kùrukùru dé. Ohun tí mo rí ni pé oòrùn ò sí mọ́. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ìdí ọkọ̀ tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mi ti ń parẹ́. Gbogbo nǹkan di funfun, òkè àti ìsàlẹ̀, bíi pé wọ́n fi òwú dí wa sínú àpótí. Bọ̀dá ní ká fa okùn sókè, àtipé ó tó ká máa lọ. Omi náà ti jí, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n wakọ̀ lọ síwájú láti tú ìdákọ̀ró. Kò tú. Wọ́n yí i gba ọ̀tún, wọ́n yí i gba òsì, kò tú. Irin mẹ́rin yẹn ti wọ inú òkú ọkọ̀ lọ, ó ti kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni omi túbọ̀ ń le, okùn náà sì le gbagidi, ó ń dún bí okùn gòjé, ó ń fa iwájú ọkọ̀ wa sísàlẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gorí pákó iwájú. Kókó tí wọ́n so mọ́ òpó irin iwájú ti fún débi pé ọwọ́ kan ò lè tú u.

Ìgbà yẹn ni mo wo ojú ẹ̀rọ tó ń fi àwọn ọkọ̀ mìíràn hàn. Àmì ọkọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀, irú àwọn tó ń kó kọ̀ǹténà, ó sì dojú kọ wá. Bọ̀dá pè é lórí rédíò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ọkọ̀ kékeré onípákó bíi tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú ẹ̀rọ wọn, pàápàá nínú kùrukùru. Mr. Les mú fèrè ọkọ̀ wa, ó ń fun ún láìdúró. Lẹ́yìn náà la gbọ́ tiwọn. Kò dún bíi fèrè. Inú àyà ni mo ti gbọ́ ọ, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń kùn.

Mo lọ síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ ìjẹ. Bọ̀dá ti wà níbẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ sínú omi, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di okùn náà mú. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká gé e."

Wọ́n ní, "Má gé e."

Mo ní ọkọ̀ náà ti sún mọ́ wa. Wọn ò wò mí, okùn ni wọ́n tẹjú mọ́. Wọ́n ní, "Ó ń bọ̀. Mo ní ó ń bọ̀. Má fọwọ́ kàn án, Rísì."

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó tó bàbá mi ló kúnlẹ̀ síwájú mi, ọ̀gá mi, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, tó ní kí n má ṣe nǹkan. Láyé mi, mi ò tíì ṣe ohun tí àgbà ní kí n má ṣe lójú àgbà náà. Gbogbo nǹkan rí bí àlá, ó rọ̀, ó sì ń falẹ̀. Mo rí Kúnlé tó di ẹja rẹ̀ mú bí ọmọ. Mo na ọwọ́ kọjá èjìká Bọ̀dá, mo fi ọ̀bẹ lé okùn náà níwájú ọwọ́ wọn, mo rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ó já pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo.

Iwájú ọkọ̀ fò sókè, Bọ̀dá ṣubú lù mí. Mo sá lọ sídìí ìtọ́kọ̀, mo fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára rẹ̀, mo dorí rẹ̀ kọ ọ̀tún, torí ibẹ̀ ni mi ò ti gbọ́ ìró. N kò lè sọ iye ìṣẹ́jú tó jẹ́. Kùrukùru lẹ́yìn wa ṣókùnkùn, ó di ògiri pupa tó ń rìn kọjá, gíga rẹ̀ ò lópin, omi funfun ń hó nídìí rẹ̀. Ibi tí a wà kí n tó gé okùn ló gbà kọjá. A kò rí ojú ènìyàn kan lórí rẹ̀. Ìgbì rẹ̀ gbé wa sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì fi wá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohun gbogbo funfun padà, bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Èmi ni mo wa ọkọ̀ náà délé. Bọ̀dá jókòó sórí àpótí ẹja, wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ lójú omi, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò fáàn wọn, títí wọ́n fi já mi sí ẹnu ọ̀nà mi ní Peckham. Mo kúnlẹ̀ lórí títì níbẹ̀, mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n mi orí, wọ́n sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò gbúròó wọn. Mo nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ní Lewisham, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé iṣẹ́ omi ti parí. Ọkọ mi, tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò ṣe é lásìkò yẹn. Lóru, tí mo bá dijú, okùn yẹn ni mò ń rí tó ń já.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, agogo ẹnu ọ̀nà dún. Bọ̀dá ni, pẹ̀lú ìyàwó wọn, nínú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n jókòó, wọn ò gba ohun tí a fi lọ̀ wọ́n. Bọ̀dá ní kí ọkọ mi má kúrò níbẹ̀, àwọn fẹ́ kó gbọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ fèrè ọkọ̀ yẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn gé okùn, ojú àwọn kò fọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́. "Nígbà tí mo di okùn yẹn mú, Rísì, mo rò pé Tìmí ló dì í mú nísàlẹ̀. Mo mọ ọwọ́ àbúrò mi. Ó ń fà mí. Mi ò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Ìyàwó wọn gbé ọwọ́ lé wọn léjìká. Bọ̀dá ní àwọn sunkún lọ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn bí àwọn ò ṣe sunkún nígbà tí wọ́n sin Bọ̀dá Tìmí, pé ìdí nìyẹn tí àwọn ò fi yọjú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí n lọ kọ́ ìwé awakọ̀ omi, kí n ṣe ìdánwò rẹ̀, torí àwọn ò ní dúró nídìí ìtọ́kọ̀ pẹ̀lú ẹ̀mí ẹlòmíràn lọ́wọ́ mọ́.

Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi kà á, nínú bọ́ọ̀sì, ní àkókò oúnjẹ níbi iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fìdí rẹmi. Kúnlé ló máa ń bi mí ní ìbéèrè inú ìwé náà tí mo bá gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, gbogbo àwọn tó ń gẹ̀run níbẹ̀ á sì bá mi dáhùn, èyí tó pọ̀ jù lára wọn ò sì tọ̀nà. Mo padà yege, mo gba ìwé náà. Mo ti fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ báyìí, ọkọ̀ ni iṣẹ́ mi.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa gbé oníbàárà jáde lórúkọ ara mi, ìgbà òtútù náà ni. Mo dé èbúté ní ìdájí, mo tan iná ọkọ̀, mo ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pákó. Bọ̀dá Ẹ̀bùn ni, wọ́n wọ kóòtù òjò wọn, wọ́n gbé fíláásìkì tíì lọ́wọ́. N kò pè wọ́n, wọn ò sì sọ pé àwọn ń bọ̀. Wọ́n dúró sórí èbúté, wọn ò wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n ti ń wọ̀ láti ọdún wọ̀nyí, wọ́n sì fi ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí bá mi sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, "Kápútéènì, ẹ kú àárọ̀. Níbo lẹ fẹ́ kí n jókòó sí?"

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ibi tó bá wù yín." Wọn ò mira. Wọ́n dúró nínú òtútù, wọ́n ń wò mí, títí mo fi na ọwọ́ sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wọlé.